Ẹni Tí Kò Lè Dọ̀bálẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Yìnbọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n kọ ọ́ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè, ẹ má retí mọ́. Erin kankan ò wó ní Gbaffo. Ọkùnrin gígùn kan tó le bí òkúta ló kú, bàbá tó bí bàbá mi, ẹni tí gbogbo òkè Dassa ń pè ní Bàbá Lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sunkún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ka nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé "wọ́n" la máa ń pe àgbà, àgàgà èyí tó ti kú, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ń jà. "Ó" ni mo máa pè é. Tó bá bí i nínú, kó jí.

Ẹni ọdún mélòó ni? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa, èmi nìkan ni mo sì láṣẹ láti parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi Bẹnuà tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, eyín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu. Gbogbo eyín tiẹ̀ ló bá a wọlẹ̀, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta kí mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa tó lé mi, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ìbọn ni gbogbo ayé rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn tí wọ́n fi ń pa ẹran o. Ẹran tó pa láti ìgbà èwe rẹ̀ ò kún ìkòkò kan. Ìbọn ìdíje ni. Lọ́dọọdún, tí a bá ti kó iṣu tán, àwọn oníbọn Gbaffo àti ti Kpingni máa ń pàdé nísàlẹ̀ òkè wa. Wọ́n á to ìkarahun ìgbín sórí àpáta, ẹyọ kan fún ẹnìkan, wọ́n á ka ogójì ìṣísẹ̀ padà sẹ́yìn, wọ́n á ki ọta kan ṣoṣo sínú ṣakabùlà. Ẹni tó bá fọ́ ìkarahun tiẹ̀ jù lọ ló ni òbúkọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bàbá ni adájọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ẹ̀tù bá rin tí ìbọn kọ̀ tí kò dún, tí olúwarẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un yìn, Bàbá á mi orí. "Lẹ́ẹ̀kan ni." Bí eṣinṣin bá kó sí ẹ lójú, lẹ́ẹ̀kan ni. Bí wọ́n bá sáré wá sọ fún ẹ pé ìyàwó ẹ ń rọbí, tí ọwọ́ ẹ yẹ̀, kú oríire ọmọ, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan ni.

Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi pé bó ṣe fẹ́ òun náà nìyẹn. Ó béèrè, Ìyá Àgbà ń ronú ohun tí òun máa fi dáhùn, ìgbà tó máa gbójú sókè, ọkùnrin ti ń lọ.

"Mo sáré tẹ̀lé e gba inú oko ẹ̀pà kọjá," ni Ìyá Àgbà wí, "torí mo mọ̀ pé kò ní í béèrè mọ́."

"Kí ló wá sọ nígbà tẹ́ ẹ bá a?"

"Ó ní, 'O pẹ́.'"

Ní ti ojú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi kún un. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ní Gbaffo, á sì máa sọ èyí tó ń họra nínú àwọn èèrà tó ń gun òkè Kpingni. Ojú kan ló fi ń wò ó, ó máa ń di ti òsì. Nígbà tó yá, kò là á mọ́ fún ohunkóhun. Ojú kan ló fi wo oúnjẹ, ojú kan ló fi wo èmi náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ló máa ń wà, á sì di ojú kan mọ́ Fádà tó ń wàásù, títí Fádà á fi ka ibi tó ti kà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Máàsì, Fádà dá a dúró.

"Bàbá, kí ló ṣe ojú yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Fádà. Ojú méjì a máa bára wọn jiyàn. Ẹyọ kan kì í purọ́."

"Kí wá ni ẹyọ kan yẹn rí lára mi?"

Bàbá wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ẹ ń mì," ló sọ, ó sì gba ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń bá mi sọ náà nìyẹn. Ọmọ ọdún mélòó kan ni mí tó ti gbé ṣakabùlà lé mi lọ́wọ́, tó gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lé irin ìbọn lórí, tó ní kí n gbé e dúró. Ẹ̀kọ dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo ké. Ó tún bu òmíràn. Títí dòní, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi méjì ò mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru. Ó kọ́ mi ní èémí: kí n jẹ́ kó jáde dé ìdajì, kí n ti ìyókù mọ́ inú bí ẹni tilẹ̀kùn, kí ìka máa fà díẹ̀díẹ̀ títí ìbọn á fi dún bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo yìn ín. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ìbọn yìí ń mì."

"Irin ni ìbọn," ló dáhùn. "Irin kì í mì. Ìwọ lò ń mì."

Ọjọ́ kan wà tí apá ń ro mí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi, òun, àti alángbá kan. Mo rọra gbé ìgbọ̀nwọ́ ti àpáta, mo fa ìbọn, ìkarahun fọ́ yángá. Inú mi dùn. Ìfọ́tí tó tẹ̀ lé e, mo ṣì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

"Ta ló yìn ín?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́. Àpáta ló yìn ín. Ohun tó bá gbé ọ dúró ló yìnbọn."

Alángbá yẹn mi orí, ó gbà pẹ̀lú ẹ̀. Mo kórìíra àwọn méjèèjì láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Kòfí wọlé, ará Kpingni, ẹgbẹ́ mi, ọ̀tá mi. Ó níkùn láti kékeré. Ìgbà tó bá fẹ́ yìnbọn, á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ikùn bí ẹni gbé e lé tábìlì, ìbọn ò ní í mì rárá. Mo fẹjọ́ sùn. Mo ní ìwà ìrẹ́jẹ ni, àwa tí kò níkùn ńkọ́? Gbogbo Kpingni pariwo, gbogbo Gbaffo dá wọn lóhùn. Bàbá dìde, ó fi ìka kan tẹ ikùn Kòfí níbi mẹ́ta, bí obìnrin tó ń ra ìbẹ́pẹ. Ó yíjú sí mi.

"Ara ẹ̀ ni. Tó bá dùn ọ́, lọ jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbè sẹ́yìn ọmọ ẹlòmíràn. Lóòótọ́, ó dé orí Kòfí náà. Ọdún kan, Kòfí lọ sí Cotonou, ó gbé ìbọn tuntun bọ̀ tó ní ìgò gígùn lórí. Lúnẹ́ẹ̀tì lòun pe ìgò náà. Bàbá fi ojú kan wo inú rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn.

"Ta ló gbé àpáta wá síbí?"

Kòfí rẹ́rìn-ín. "Àpáta wà níbi tó wà, Bàbá. Ìgò ló gbé e wá."

"Tú u."

"Ẹ gbọ́ tèmi ná, Bàbá. Ẹ̀yin rí èèrà Kpingni láti Gbaffo. Èmi wà ní Kpingni, mi ò rí Kpingni. Ṣé ìyẹn dọ́gba? Ọlọ́run fún yín ní tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ra tèmi. Ta ló wá rẹ́ ẹnì kejì jẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, èmi tí mo kórìíra rẹ̀ gan-an mọ̀ pé ó lẹ́sẹ̀. Bàbá ronú pẹ́ débi pé òbúkọ dùbúlẹ̀.

"Èyí tí Ọlọ́run fún mi," ló sọ, "mi ò lè tú u kí n gbé e fún ẹ. Tìẹ, o lè tú u. Tú u."

Ó di òfin. Ohunkóhun tó bá ṣe é tú, wọ́n á tú u.

Ó wá ku ọgbọ́n tèmi. Mi ò níkùn, mi ò ní lúnẹ́ẹ̀tì, ara mi sì ń mì. Ọgbọ́n wá bá mi lọ́jọ́ tí ìyá mi ń ṣe gààrí. Ẹ mọ omi gbágùúdá tó máa ń sẹ̀ sísàlẹ̀ igbá, tó funfun, tí wọ́n fi máa ń mú kí aṣọ le? Mo bu ú, mo ki ẹ̀wù ọdẹ mi bọ̀ ọ́, mo sá a sórí àpáta. Mo tún ki í bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó gbẹ, ẹ̀wù náà dìde fúnra rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹnìkan tó ń kọjá sì kí i, "Ẹ kúuṣẹ́ o." Bí irọ́ bá wà nínú èyí, kí eyín mẹ́rin yìí yọ.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìdíje. Apá mi ò lè lọ síwájú, kò lè bọ̀ wá sẹ́yìn, inú rẹ̀ ni mo wà bí ìgbín tó wà nínú ìkarahun. Mo ti èémí mọ́nú. Ìbọn dún. Ìkarahun mi fọ́ débi pé wọn ò rí èérún rẹ̀. Gbaffo gbé mi sókè. Kòfí jókòó sílẹ̀, ó gbé ojú bolẹ̀. Mo ti ń ronú irú iṣu tí màá fi jẹ òbúkọ náà.

Ṣùgbọ́n àṣà ni pé ẹni tó bá borí á dọ̀bálẹ̀ fún adájọ́ kó tó gba okùn òbúkọ. Ìyẹn ni mo gbàgbé. Mo dé iwájú Bàbá, mo ní kí n tẹ̀, ẹ̀wù kọ̀. Mo tún gbìyànjú, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá sún mọ́ mi, ó ká ìka kò, ó kan àyà mi bí ẹni kanlẹ̀kùn.

"Kọ́, kọ́, kọ́. Ta ló wà nílé?"

Òbúkọ ló bá mi dáhùn. Ó fa okùn já, ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí ẹ̀wù mi, ó ń jẹ ẹ́, nítorí gbágùúdá ni.

"Ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí. Ó mú okùn òbúkọ, ó gbé e fún Kòfí. Fún Kòfí! Ó wá gbóhùn sókè kí gbogbo òkè lè gbọ́: "Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ níbí. Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kò gbọdọ̀ yìnbọn."

Mo bá a nílé nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọmọ yín ni mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò bá ti dákẹ́."

Ó ń fi òróró pa irin ìbọn rẹ̀, kò wò mí. "Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo yìn ín."

Mo kó ẹrù mi, mo lọ sí Aklampa. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Mi ò kí i mọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, mo wá, òun dúró lápá ibí, èmi dúró lápá ọ̀hún, pósí wà láàárín wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Gbaffo wá sí ọjà, mo máa ń bi í léèrè pé ṣé arúgbó yẹn ò tíì kú. Òun náà á rán wọn padà sí mi pé, "Ẹ sọ fún un pé ó ń mì."

Ó wá kú lóòótọ́. Wọ́n ní ó ti fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀. Èkíní, kí wọ́n sin òun sí ibi tí a ti ń yìnbọn, nísàlẹ̀ òkè, kí òun lè máa gbọ́ ẹni tó ń rẹ́ni jẹ. Èkejì: "Ìbọn mi kì í ṣe ogún. Ẹ yìn ín dù." Ìbọn yẹn kan náà ni gbogbo ènìyàn máa yìn, kí àríyànjiyàn ìbọn lè kú kí òun tó jẹrà.

Mo gun zẹ́míjàn láti Aklampa. Ọlọ́kadà yẹn mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, gbogbo Aklampa ló mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ gba ìbọn yẹn, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó fi rọ ọkọ́, kí n máa fi ọkọ́ náà ro ebè iṣu, kí n sì máa tutọ́ sí i láràárọ̀. Ìyẹn ni ẹ̀kún tí mo fẹ́ sun.

Wọ́n sin ín tán. Erùpẹ̀ sàréè ṣì rọ̀. Jẹrọ́ọ̀mù tó jẹ́ olórí ọdẹ báyìí, ọmọ tí kò tíì lé ní ogójì ọdún, ló ń ṣe adájọ́. Kòfí dé, ikùn ṣáájú, awò ojú lórí imú.

"Bẹnuà Ẹ̀wù-líle! Ṣé òbúkọ ò tíì jẹ ẹ́ tán?"

"Kòfí Ikùn-tábìlì, ìwọ lo ṣì wà láyé? Kí ló wà lójú ẹ yẹn? Tú u!"

"Awò ojú ni. Dókítà ló fún mi."

"Ṣé ó ṣe é tú àbí kò ṣe é tú? Òfin dà?"

Jẹrọ́ọ̀mù gbà pẹ̀lú mi. Kòfí bọ́ awò, ó ń ṣẹ́jú bí òwìwí. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú sàréè, ó dìde, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì rẹ̀, ó yìnbọn sí ibi tó rò pé àpáta wà. Oríire òmùgọ̀! Ọta gé etí ìkarahun tiẹ̀, ìkarahun ń yí, kò fọ́. Gbogbo àwọn tó kù tàsé. Ó wá ku èmi. Bí tèmi bá fọ́, mo ni ìbọn.

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ ná," ni Kòfí wí. Ojú rẹ̀ ò ríran, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù mi. Ìgbàdí líle ni wọ́n fún mi ní ọsibítù nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ó ní irin pẹlẹbẹ méjì nínú. Mo gbìyànjú láti tẹ̀, ó kọ̀.

"Tú u!" Gbogbo wọn ló pariwo rẹ̀, Kpingni àti Gbaffo pa pọ̀.

Mo tú u. Mo lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún, ọwọ́, àyà. Mo dé ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó yẹn, tòótọ́ tòótọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ẹ̀wù. Mo ní kí n dìde, ẹ̀yìn mi há. Mi ò lè gbé ìbàdí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ẹyẹ fi òkè sílẹ̀.

Mo ní, "Jẹrọ́ọ̀mù, gbé ìbọn wá."

"Ẹ dìde ná, Bàbá Bẹnuà."

"Gbé e wá síbí. Òfin ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀. Ta ló sọ pé kí n dìde?"

"Ìdúró la fi ń yìnbọn!" ni Kòfí ké.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ wo?"

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí, torí kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ yìnbọn rí. Jẹrọ́ọ̀mù ní kí n yìn ín, a ó ṣẹjọ́ rẹ̀ tó bá yá. Ó bá mi ki ẹ̀tù àti ọta, ó gbé e sí mi lọ́wọ́. Mo di ojú òsì. Àyà mi wà lórí erùpẹ̀ sàréè, ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì rì sínú rẹ̀. Nǹkan kan ò mì. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí nǹkan kan ò mì. Mo ti èémí mọ́nú, ìbọn dún bí ẹni pé kì í ṣe èmi. Ìkarahun di ìyẹ̀fun.

"Òjóró!" Kòfí ń fò sókè. Gbaffo ní mo borí, Kpingni ní irọ́ ni. Ẹnìkan ti gbá ẹnìkan ní fìlà. Jẹrọ́ọ̀mù lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Bàbá Bẹnuà, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá Lẹ́ẹ̀kan ti lọ tán. Ẹ̀yin ló kọ́. Ẹ sọ òtítọ́: ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan rí nípa ẹni tó bá fara ti nǹkan yìnbọn?"

Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Èmi àti alángbá, alángbá sì ti kú. "Rárá" kan ṣoṣo ló kù kí n gbé ìbọn lọ. Èmi tí mo sọ fún Aklampa pé mo bá ọ̀nì jẹun nínú abọ́ kan, tí wọ́n sì gbà á gbọ́! Mo la ẹnu láti sọ pé rárá.

"Ó sọ ọ́," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi wí.

"Kí ló sọ?"

"Ohun tó bá gbé ọ dúró ló yìnbọn."

Jẹrọ́ọ̀mù wo erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ àyà mi. Kò béèrè ohun tó gbé mi dúró.

Mo ní, "Ẹ gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ kí n dúró kí n tún un yìn."

Kò sí ẹni tó ṣẹ́jú fún ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó ka ení, èjì. Gbogbo wọn, Gbaffo àti Kpingni, àgbà àti èwe, dáhùn lẹ́nu kan: "Lẹ́ẹ̀kan ni."

Kòfí ló gba ìbọn. Òun náà ló gbé mi dìde, nítorí ikùn rẹ̀ nìkan ló tó láti fara tì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí irin ìbọn bàbá mi àgbà. "O ń mì," ni mo sọ fún un.

Ẹni tó bá délé yín tó ní òun rí omi lójú mi, ẹ lé e jáde. Erùpẹ̀ sàréè ló kó sí mi lójú òsì, ó sì kọ̀, kò jáde. Ojú kan ni mo fi wo ọ̀nà títí dé Aklampa.